Àyà Tí Àríkẹ́ Ń Sùn Lé

Ilé wa létí ọ̀sà,
lẹ́yìn Ajah.

Gàníyù, Àlàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bùkọ́lá ìyàwó wa, mo sì kí Àríkẹ́ tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ń kí òun. Bá mi kí ìyá rẹ náà, bí ó bá ráyè. Láti ọjọ́ tó ti wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun ni ilé yìí ti dá páropáro. Bí mo bá pè é lórí fóònù, ohun tó máa ń sọ kò ju pé òun ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, tàbí pé ọmọ ń sùn, kí n rọra sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o bi mí ní ìbéèrè kan. O ní, "Bàbá, ẹ wá, ẹ rí ọmọ, ẹ sì padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Ìdáhùn ni mi ò ní. Bí mo bá sì ní kí n dá ọ lóhùn lórí fóònù, ẹnu mi á gbóná, màá sọ ohun tí kò yẹ, nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé yìí, tí mo jókòó ti tábìlì ìyá rẹ, tí mò ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ wò. Ìwọ bá mi fara dà á.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń kọ̀wé ni iṣẹ́ tuntun rẹ. O ní o ó bẹ̀rẹ̀ ní èbúté tuntun ní Ìbẹjú lóṣù tó ń bọ̀, pé ọkọ̀ òṣìṣẹ́ á máa gbé yín kí oòrùn tó yọ. O ní bí ọ̀nà bá le jù, o lè máa sun ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Apá tí o ti ní o lè máa sun ibẹ̀ ló ń dùn mí, ìwọ náà á sì rí ìdí rẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn àlejò ti ń lọ, mo wọlé láti mu omi, mo sì rí ọ nínú pálọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn. O ti bọ́ ẹ̀wù. O tẹ́ ọmọ sórí àyà rẹ, ìhòòhò ara rẹ̀ kan ìhòòhò ara rẹ, o fi ìborùn Bùkọ́lá bò ó lẹ́yìn. O dijú. Ẹnu ọmọ ṣí díẹ̀, itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sí ọ láyà, o ò sì nù ún. Nígbà tí o rí mi, o ní nọ́ọ̀sì ló ní kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ lè mọ òórùn bàbá rẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo dúró síbẹ̀, ife omi wà lọ́wọ́ mi, mi ò mu ún.

Àlàbí, mo jowú rẹ. Ó yẹ kí inú bàbá dùn bí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n owú náà pọ̀ ju ayọ̀ lọ. Mo jowú àyà rẹ. Mo jowú itọ́. Mo wò ọ́, mo ní nínú ara mi pé, ta ló kọ́ eléyìí? Kì í ṣe èmi. Mo jókòó síta títí wọ́n fi kó àga, Bùkọ́lá rò pé oúnjẹ ni mi ò rí jẹ, ó tún bu òmíràn wá.

Nígbà tí a bí ọ, títì ẹsipírẹ́ẹ̀sì ti dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ayé ló ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń fẹ́ yanrìn. Àwa ọmọ etí ọ̀sà fi àwọ̀n sílẹ̀, a lọ ń wa yanrìn. A ó tu ọkọ̀ lọ sáàárín ọ̀sà, a ó na àkàsọ̀ sínú omi, a ó mòòkùn pẹ̀lú garawa, a ó bu yanrìn nísàlẹ̀, a ó sì gbé e jáde. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé tí ò ń gbé nínú ẹ̀sítéètì yẹn ti gba ọwọ́ mi kọjá.

Ìyá ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ló wá ń wẹ̀ ọ́ nígbà náà. Òfin kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀, òfin tí wọ́n bá nílé wọn. Ẹni tó bá ti inú ọ̀sà bọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ tuntun, àfi bí ó bá kọ́kọ́ yáná nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja, tí òógùn sì yọ níwájú orí rẹ̀. Wọ́n ní òtútù omi ń bẹ lára wa, á wọ ọmọ lára. Kò sóhun tó burú nínú òfin náà. Iná kì í pẹ́ mú ara gbóná. Ohun tí mo fi òfin náà ṣe ló burú.

Ní ọjọ́ kẹta tí a bí ọ, mo yáná, mo làágùn, ìyá àgbà sì gbé ọ fún mi. Yanrìn ti ha àtẹ́lẹwọ́ mi, ó le koko. Mo fi pa ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ pọ́n, o figbe ta. Mo dá ọ padà kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì gbé ohun olóhun. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ọkùnrin tó ń bọ́ sísàlẹ̀ ọ̀sà láìwẹ̀yìn, ẹ̀rù ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ń bà á. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó sí èbúté, màá ta ayò, nígbà tí mo bá máa wọlé o ti sùn. Bí o ò bá sì tíì sùn, màá ní ara mi ò tíì gbóná. Ìyá rẹ á ní iná ń bẹ nílẹ̀. Màá ní ó di ọ̀la.

Èkínní ìmọ̀ràn mi nìyí: má fi iṣẹ́ sá fún ọmọ. Bí iṣẹ́ bá le, tí ọ̀nà Ìbẹjú bá jìn, padà wálé. Bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, wẹ̀, gbé ọmọ lé àyà kí o tó jẹun. Má sọ pé ó rẹ̀ ọ́. Ó rẹ èmi náà, ìgbà tí mo máa mọ̀ pé àárẹ̀ kọ́ ni, o ti ń rìn.

Ohun kejì tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ̀rín ló máa pa ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jowú ìwọ gan-an. Ìyá rẹ ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà mọ́. Ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ìwọ ló ń bá rẹ́rìn-ín, bí mo bá sì bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, á ní kò sí nǹkan kan. Ọbẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bù fún mi tẹ́lẹ̀, ó wá di pé bí o bá ké, ọbẹ̀ á dúró. Àgbàlagbà ọkùnrin ń bá ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án du ìyàwó. Ìmọ̀ràn kejì nìyí: bí Bùkọ́lá ò bá ráyè tìrẹ ní àkókò yìí, má bínú. Gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè ráyè wo ojú rẹ. Ọgbọ́n yẹn ò yé mi nígbà náà.

Wàyí o, mo ti dé ibi tí mo ń sá fún.

O mọ Làmídì télọ̀ tó wà ní Ṣàngótẹ̀dó. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé abúlé wa níbí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, pé ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, a jọ kọ́ omi wíwẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí a tó bí ọ ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà ò pé ogójì ọjọ́. Mo wà níbi tí a ti sin ín. Lẹ́yìn náà ni Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á bi ìyá rẹ bóyá kí òun bá a gbé ọmọ, ìyá rẹ á sì ní kí ó gbé e, kí òun lè ráyè dáná. Ọwọ́ télọ̀ gbẹ, kò mọ omi, kò mọ yanrìn, aṣọ nìkan ló ń fọwọ́ kàn látàárọ̀. Á tú bọ́tìnì bùbá rẹ̀, á gbé ọ lé àyà, á na ẹsẹ̀. Kò ní pẹ́ tí o ó fi sùn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó dùn mọ́ mi, mo ní ọ̀rẹ́ mi ń bá mi tọ́mọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò dùn mọ́ mi mọ́. Bí o bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lójúde, o ó máa ju ẹsẹ̀. Bí o bá gbọ́ tèmi, o ó máa mu ọmú rẹ lọ. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni, mo ń rù.

Lọ́jọ́ kan, o ti tó ọmọ oṣù méje, mo pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo kúrò lórí ọ̀sà ní kùtùkùtù, mo yáná títí òógùn fi bò mí, mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, mo fi òróró àgbọn pa àtẹ́lẹwọ́ mi kí ó lè rọ̀, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo rò ó pé òní ni ọmọ mi máa sùn sí mi láyà. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá ọ lára Làmídì. Mo na ọwọ́. O wò mí, o di aṣọ Làmídì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, o fi ojú pamọ́ sí i láyà, o ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé.

Làmídì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Má dà á láàmú. Kò tíì mọ̀ ẹ́ dáadáa ni."

Mo mọ̀ báyìí pé kò ní ibi kankan nínú. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì gún mi. Mo ní, "Gbé ọmọ mi fún mi. Bí ó bá ń wù ẹ́ láti gbé ọmọ, lọ gbé tìẹ."

Ìyá rẹ ju ṣíbí sílẹ̀. Làmídì wò mí. Ó tú ìka rẹ kúrò lára aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọ fún mi, ó de bọ́tìnì rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó dé fìlà, ó lọ. Kí oṣù tó pé, ó ti kó máṣíìnì rẹ̀ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kú. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́, Àlàbí, mo sì sọ ọ́.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí mo wá gbà ọ́ tán, mi ò gbé ọ. O ń ké, o ń na ọwọ́ sí ọ̀nà tó gbà lọ, ó sì tún bí mi nínú. Mo gbé ọ fún ìyá rẹ, mo padà sí èbúté. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìyá rẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò tún dán an wò mọ́. Nígbà tí o fi máa wá bá mi fúnra rẹ, o ti ń rìn, ohun tí o wá gbà lọ́wọ́ mi sì ni ẹja.

Ẹ̀kẹta: bí Àríkẹ́ bá ké lára rẹ, má yára dá a padà. Jókòó. Ẹkún ọmọ kì í ṣe èébú. Jẹ́ kí ó ké, kí ó gbóòórùn rẹ, kí ó mọ̀ pé o kì í lọ. Bí mo bá ti jókòó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i lọ́jọ́ kẹta yẹn, bóyá mi ò ní rí ìwé yìí kọ.

Ẹ̀kẹrin: bí ọmọ bá fẹ́ràn ẹlòmíràn, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, kí o sì wo bí ó ṣe ń gbé e. Mo ní ẹ̀karùn-ún nílẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ti fò mí lórí. Bí mo bá rántí rẹ̀, màá kọ ọ́ sísàlẹ̀.

O mọ ìyókù. Ìyá rẹ ò fi Làmídì sílẹ̀, òun ló ń rán aṣọ ọdún rẹ láti kékeré. Mo mọ̀, mò ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo wá, mo di ẹja yíyan sínú ọ̀rá, mo wọ aṣọ tó dáa, nítorí mo ti sọ fún ara mi pé màá gbé ọmọ náà. Ọkùnrin tó wà ní géètì yín bi mí lẹ́ẹ̀mejì ta ni mo wá rí. Mo ní ọmọ mi. Mo wọlé, mo sì bá Làmídì lórí àga. Irun rẹ̀ ti funfun. Bùbá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú, Àríkẹ́ ń sùn sí i láyà, Làmídì na ẹsẹ̀ bí ó ṣe máa ń nà án. Ìwọ dọ̀bálẹ̀, o ní, "Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ ó gbé e." Làmídì náà ti ń dìde láti gbé e fún mi. Lójú mi, ìwọ ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínú aṣọ rẹ̀. Mo ní ẹnì kan ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Mo yíjú padà, mo sì gbé ẹja mi dání lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ ẹ́, èmi nìkan, kò dùn lẹ́nu mi.

Nítorí náà, ìdáhùn rẹ nìyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò lè wò ó lára ẹlòmíràn, ìyẹn kì í sì í ṣe ìfẹ́ tó dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ràn ìwọ, o ò rí i lára mi rí, nítorí mi ò jẹ́ kí o dé ara mi.

Lánàá, mo lọ sí Ṣàngótẹ̀dó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà, kékeré ni. Ó ń lọ aṣọ nígbà tí mo dé, kò dáwọ́ dúró. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Làmídì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ọ́ ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ó lọ apá aṣọ kan tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ó wá ní, "Ó tó ọdún méjì kí n tó lè gbé ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn." Mo kàn dúró.

Ó lọ apá kejì tán, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ rán. Mi ò mú aṣọ kankan dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde lẹ́nu mi pé bùbá ni, èyí tó ṣí níwájú látòkè délẹ̀, tó sì ní bọ́tìnì. Ó wò mí. Ó mú téèpù, ó ní kí n gbé apá sókè, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ wọn àyà mi. Ọwọ́ náà gbóná, ó gbẹ, ó rọ̀. Ó ní, "Àyà ẹ ti fọn, ọ̀rẹ́. Àmọ́ ọmọ á gbà á." Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ni kí n wá mú un.

Mo ti rántí ẹ̀karùn-ún. Má dúró kí ọwọ́ rẹ rọ̀ kí o tó gbé ọmọ. Ọmọ gbígbé ló ń mú ọwọ́ rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń bọ̀ pẹ̀lú bùbá tuntun. Làmídì náà ní òun fẹ́ wá, mo sì ní kí ó wá, ṣùgbọ́n fún un ní àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó jìnnà díẹ̀. Mi ò tíì dáa tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún ìyá rẹ kí ó má ṣe dúró lé mi lórí. Gbé Àríkẹ́ fún mi, bọ́ aṣọ lára rẹ̀, kí o sì fi ìborùn bò ó lẹ́yìn bí o ṣe máa ń ṣe.

Á ké, Àlàbí. Kò mọ̀ mí. Bí ó bá ké, má gbà á lọ́wọ́ mi.

Èmi ni, bàbá rẹ,
tó ti ń yáná sílẹ̀.